Ìkíni ni wọ́n fi yẹ̀ mí wò

Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Apá òsì mi tún kú lónìí níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, àyà sì ń fún mi. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù tí ìnṣọ́ránsì yàn fún wa.

Nọ́ọ̀sì ní, "Mummy, ẹ káàsán. Ṣé àlàáfíà ni?"

Mo ní, "Àlàáfíà ni, a dúpẹ́." Ta ni kì í dáhùn bẹ́ẹ̀?

Ó pe àwọn ìnṣọ́ránsì fún kóòdù ìyọ̀ǹda, torí dókítà ò gbọdọ̀ wo èèyàn láìsí i. Wọ́n bi í bóyá pàjáwìrì ni. Ó ní, "Rárá, Mummy ní àlàáfíà làwọn wà." Ni wọ́n bá ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ṣàlàyé títí, ó ní wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọn kì í dúró dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n tó yọ tiwọn nínú owó oṣù mi.

Nígbà tí mo délé, Alhaja onílé wa bi mí pé ṣé dáadáa ni mo dé. Mo ní, "Rárá, mà," mo sì rò ó fún wọn.

Wọ́n ní, "A jọ ń lọ láàárọ̀ ọ̀la ni. Tá a bá débẹ̀, ìwọ dákẹ́. Èmi ni màá dáhùn ìkíni wọn."