Ọdún Tí Kò Sí Ohun Tó Ṣẹlẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Nest,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́.

Lánàá, mo gbé awọ àgùntàn tí wọ́n fi ń ṣe ìwé lọ fáwọn mọ́ńkì ní ilé ìsìn wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Hamo oníkùn bí àgbá, tí kì í jáde nílé, òun ló ń kọ ìtàn ogun ààlà wa. Ìranù gbáà! Ó kọ ọ́ pé olè ni gbogbo àwa ará Wales.

Mo ní, "Ọdún tẹ́ ẹ gba pápá Bàbá wa ńkọ́?"

Ó ṣí ìwé ìtàn rẹ̀ síbi ọdún náà, ó kà á: "Lọ́dún yìí, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ẹ fi òwú ránṣẹ́ sí Màmá. Kí Ọlọ́run dá yín sí, kẹ́ ẹ lè sọ fáwọn ọmọ pé orí pápá Bàbá ni àgùntàn tí wọ́n kọ irọ́ yẹn sórí awọ rẹ̀ ti jẹko yó.

Àbúrò yín,
Ithel