Àlejò Mẹ́fà fún Ìlú Kọjálọ

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá

Adájọ́ wá síbí lónìí. Àkọ́bí mi ni, kì í ṣe adájọ́ ilé ẹjọ́ — ilé iṣẹ́ adójútòfò ló wà — ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń dájọ́ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yìí, títí kan bàbá tó bí i. Kò tíì jókòó tán tó fi ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ ọmọ yín obìnrin yìí ti sú mi." Ọmọ mi. Tí nǹkan bá ń dáa fún un, àbúrò òun ni. Tó bá kù díẹ̀ káàtó, ọmọ mi ni.

Ọ̀rọ̀ náà ò ju báyìí lọ: Ẹsẹ̀-ò-gbélé fiṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ láti oṣù kẹfà. Ó ní òun fẹ́ máa mú èèyàn rìn káàkiri ìlú tí òun ń gbé, kí wọ́n máa wá lo òpin ọ̀sẹ̀ níbẹ̀, kí ara tù wọ́n. Ìlú wo? Ìlú Kọjálọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é nílé yìí. Ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró kí èrò lè tọ̀, kí wọ́n sì máa bá tiwọn lọ. Kò sí òkun níbẹ̀, kò sí ilé gogoro, kò sí nǹkan kan tí wọ́n ń yà sára káàdì. Láti oṣù kẹfà, àlejò kan ṣoṣo ò yọjú.

Adájọ́ ti bá a wá àyè sí ilé iṣẹ́ tiẹ̀. Ó pè é lórí fóònù lójú mi, ó ní bí àlejò ò bá dé kí oṣù yìí tó tán, kó palẹ̀ mọ́ kó máa bọ̀ nílé. Ọmọ náà ní, "Ó dáa, bọ̀dá mi. Mo gbà." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà. Ọmọ yìí kì í gbà bọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta

Mi ò jẹ oúnjẹ alẹ́ mi. Bàbá wọn jẹ tèmi mọ́ tiẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Àbúrò ọkọ mi wá kí wa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyàwó wa, ta ló máa lọ gbafẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe? Kí wọ́n lọ wo kí ni, girísì?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó lọ tán ni inú wá ń bí mi sí ẹnu ara mi. Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíì rí ló ń sọ pé kò sóko tó tó ti bàbá òun. Ta nínú wa ló ti sọ̀ kalẹ̀ ní Kọjálọ ju àkókò ìtọ̀ lọ?

Ṣùgbọ́n tí kò bá sẹ́ni tó lọ ńkọ́? Ọmọ tó máa ń tijú tẹ́lẹ̀. Á wọ inú ọ́fíìsì Adájọ́, á jókòó, á máa gbọ́ "àbí mi ò sọ fún ẹ" títí tá á fi gba owó ìfẹ̀yìntì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Àlejò ò dé? Àlejò á dé.

Aránṣọ ni mí. Mo ní oníbàárà tí ọmọ yẹn ò mọ̀ rí, torí ó ti kúrò nílé ṣáájú kí n tó kó ṣọ́ọ̀bù wá sí àdúgbò yìí. Ẹni tó bá lọ sí Kọjálọ, tó sọ̀ kalẹ̀, tó sùn níbẹ̀, mo máa rán aṣọ tuntun fún un, kò ní san kọ́bọ̀. Kí wọ́n ṣáà má sọ pé èmi ni mo rán wọn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Àwọn mẹ́fà ti gbà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní ṣòkòtò aláwọ̀ eérú lòun ń fẹ́, kí n sì rántí pé ìdí òun kì í ṣe ìdí ọmọdé mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo rán aṣọ kẹfà tán láàárọ̀ yìí. Onídìrí, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà, wá gbé tiẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó ń yí níwájú dígí. Mo tún kìlọ̀ fún gbogbo wọn: ẹ má jókòó pa pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ má kí mi, ẹ ò mọ̀ mí rí. Tíṣà ní, "Ìyá, mo fi ọgbọ̀n ọdún mú akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jíwèé wò. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Mo ti sọ fún Ẹsẹ̀-ò-gbélé pé mò ń bọ̀ wá wò ó. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹ ò ní gbà gbọ́, Màmá. Àlejò mẹ́fà ń bọ̀ lọ́la." Mo ní, "Áà, o ṣeun o."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Ilé ọmọ mi ni mo ti ń kọ eléyìí. Yàrá kan, fèrèsé méjì. Ó wà nínú yàrá ìdáná, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Ó pàdé wọn ní ibùdókọ̀, ó fún oníkálukú ní káàdì kékeré kan tí wọ́n á fi wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo rò pé mo mọ ọmọ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó mú wa lọ sí òpópónà kan tí àtẹ̀gùn gbogbo ilé rẹ̀ wà níta, wọ́n kùn ún ní oríṣiríṣi àwọ̀, àwọn èèyàn jókòó lórí ẹ̀ bí ẹyẹ lórí wáyà, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé. Ó mọ gbogbo wọn. Ó mú wa wọ ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Bàbá kan ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀, kò lo rúlà, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Tíṣà dúró tì í, kò fẹ́ kúrò. Onídìrí gbàgbé pé iṣẹ́ la rán an, ó ń béèrè yàrá tí wọ́n fi ń háyà.

Lọ́sàn-án a dé adágún. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nígbà kan ni, omi wá kún un, ó tutù, ó dúdú bí ojú oyin. Ọlọ́kọ̀ ojú omi na ọwọ́: "Ẹ mú káàdì yín wá."

Ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀.

Gbogbo aṣọ tó bá jáde lọ́wọ́ mi ló ní àpò inú. Lápá òsì, lábẹ́ ìbàdí, pẹ̀lú bọ́tìnnì. Ojú ọ̀nà ò ṣeé fọkàn tán, n ò lè rán aṣọ kí n má fi sí i. Mo rán an mọ́ aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ mi títí wọ́n fi jáde, àwọn ẹgbẹ́ wọn sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi jáde. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ká aṣọ sókè lápá òsì, wọ́n ń tú bọ́tìnnì. Lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọmọ ogun.

Ẹsẹ̀-ò-gbélé wò wọ́n. Ó yíjú, ó wò mí.

Tíṣà, orí ìyá ẹ̀ ò sì pé, ní kóun tún nǹkan ṣe. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Màdáámù, a ò mọ ara wa rí o."

Ọmọ mi ò pariwo. Ó kó wọn wọ ọkọ̀, ó wí gbogbo ohun tó yẹ kó wí nípa adágún náà, ó sì sin wọ́n dé ibi tí wọ́n máa sùn. Nígbà tí a délé, yàrá ìdáná ló gbà lọ tààrà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo ti padà sílé. Kí n tó wọkọ̀, ó sọ̀rọ̀.

"Ẹ rò pé mi ò lè ṣe é."

Mo ní ẹ̀rù ló bà mí.

"Ẹ̀rù yín náà ni mò ń wí, Màmá. Bọ̀dá mi ò gbà mí gbọ́, ó sọ ọ́ sí mi létí. Ẹ̀yin ò gbà mí gbọ́, ẹ wá fi aṣọ bò ó."

Ó pe Adájọ́ níbẹ̀. Ó ní àlejò ò dé, pé àwọn mẹ́fà tó wá kì í ṣe àlejò. Kò sí ẹni tí ì bá mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

Adájọ́ pè, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ ti bá mi parí ẹ̀."

Mo pa fóònù. Mi ò pa fóònù mọ́ ọmọ mi létí rí. Ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Tíṣà wá bẹ̀bẹ̀, Onídìrí tẹ̀ lé e. Ẹ̀bẹ̀ ò pẹ́ tó fi di ìròyìn. Bí wọ́n ṣe jókòó lórí àtẹ̀gùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tí obìnrin kan gbé tíì wá fún wọn láì mọ̀ wọ́n rí. Tíṣà ti dé ìlú olókun tí gbogbo ayé ń sáré lọ, ó ní èrò ló rí níbẹ̀, kò rí òkun. Onídìrí fẹ́ tún lọ, ó ní kí n má tilẹ̀ rán nǹkan kan fún òun.

Mo ní kí wọ́n má lọ. Tí wọ́n bá lọ, ọmọ mi á ní èmi ni mo tún rán wọn. Ẹ wo ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe: àlejò gidi dé, èmi ni mò ń lé wọn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Adájọ́ wá pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ tí a máa lọ kó ẹrù ọmọ náà. Mo ní, "Fún ẹlòmíì níṣẹ́ yẹn."

"Ó ṣèlérí fún mi, Màmá."

"Òun ló ṣèlérí. Èmi ò ṣèlérí. Ilé tèmi lo ní kó máa bọ̀, mi ò sì ní ṣílẹ̀kùn fún ẹrù rẹ̀. Tó bá fẹ́ wá kí wa, kó máa bọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó wá jókòó kẹ́ ẹ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, kó dúró síbẹ̀."

Àbúrò ọkọ mi ní, "Ìyàwó wa, kò sẹ́ni tó ń lọ sí ìlú yẹn."

Mo ní, "Èmi lọ. Mo sùn níbẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Bàbá wọn ò gbé ojú kúrò níbi rédíò. Ó ní, "Ẹ ti gbọ́ o." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ lóṣù yìí nìyẹn.

Ọmọ náà ò mọ̀ pé mo jà fún un. Kò tíì pè mí láti ọjọ́ yẹn. Kó má pè. Màá jà fún un bẹ́ẹ̀ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé lọ́sàn-án. Kò kí mi. Ọmọ tí mo bí, kò kí mi: "Ọkọ àti ìyàwó kan ti forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀. Orúkọ wọn nìyí. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

Ọjọ́ Ẹtì loṣù ń parí.

Mo wo orúkọ náà. Mo tú ìwé ìwọ̀n aṣọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò sí níbẹ̀. Mo sáré lọ bá Onídìrí: kò mọ̀ wọ́n. Tíṣà fi orí ìyàwó rẹ̀ búra. Mo bi bàbá wọn. Mo wá gbé ìtìjú tà, mo pe Adájọ́. Ó ní, "Mi ò mọ̀ wọ́n, Màmá. Ẹ bá mi kí i."

Mo kọ̀wé sí i pé mi ò mọ̀ wọ́n rí.

"Ẹ búra."

Mo búra.

Fóònù wà ní orí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo pa aṣọ tí mò ń rán tì, mò ń wò ó. Èsì rẹ̀ wá wọlé.

"Ẹ káàsán, Màmá mi."