Tíì Tí Kò Ní Ṣúgà, Páì Mẹ́ta

Miss Verlene, ẹ kú iṣẹ́ ìmọ̀ràn lórí rédíò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Georgia níbí ló ń gbọ́ yín.

Ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe ọkọ mi. Dókítà ní kó máa fi ìyẹ̀fun adùn tí kì í ṣe ṣúgà, èyí tó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, po tíì tútù rẹ̀ dípò ṣúgà, ó sì gbà. Àfi bó ṣe jẹ páì ọ̀dùnkún mẹ́ta lẹ́yìn ìsìn! Mo pariwo. Ó ní, "Ìyàwó mi, sinmẹ̀dọ̀. Ṣebí mi ò mu ṣúgà nínú tíì? Àyè páì nìyẹn."

Ṣúgà ara rẹ̀ wá fò sókè láàárọ̀ yìí. Ó kó gbogbo sáṣẹ́ẹ̀tì dànù, ó ní májèlé ni wọ́n. Ló bá ṣí fíríjì, ó gbé páì jáde!

Ẹ tètè bá mi dá sí i o, kí n tó da páì yìí lé e lórí.