Bí Dáre Kò Bá Na Ọwọ́ Kí Yín Lórí Máṣíìnì

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ojú lọ́nà. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo kúnlẹ̀ sí kí n tó mú bírò, torí níta, yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀ Kánádà. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó wọn. Mo ní kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sétí ìgbọ́ ará ilé, kí ìwé ìròyìn sì bá mi gbé e dé Ìlobù àti Ìfọ́n, torí gbogbo àgbà ibẹ̀ ni mò ń bẹ̀.

Iṣẹ́ ń lọ. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń bọ́ wọn. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó máa ń di ọwọ́ mi mú pẹ́ títí. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, yìnyín á máa já bọ́ bí òwú, ojú mi á rọra pa dé, màá sì bá ara mi lẹ́yìn Dáre ọmọ mi lórí máṣíìnì ńlá yẹn.

Ẹ mọ̀ ọ́n, alùpùpù tí wọ́n ṣe fún ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn, tó ní àpótí lọ́tùn-ún lósì, tí ẹ ní ó jọ màlúù tó lóyún. Nínú àlá mi, ọ̀nà kò ní kòtò. A kàn ń léfòó láàrin oko àgbàdo, láti ilé yín ní Ìlobù dé ilé ìwé tó ti ń kọ́ni ní Ìfọ́n, eruku pupa ń tẹ̀ lé wa bí èéfín. Tí bọ́ọ̀sì bá wá fò díẹ̀, àyà mi á já. Màá rántí pé títì yẹn kì í ṣe ti àlá: ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ló kù.

Ẹ ti gbọ́ bó ṣe ṣubú. Bàbá Díákónì jókòó síwájú ilé wọn ní Ìfọ́n, Dáre sì na ọwọ́ ọ̀tún láti kí wọn. Ta ló máa fi ọwọ́ òsì kí àgbà? Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà ló wà fún bíréèkì iwájú. Ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì bó ṣe máa ń ṣe lórí ọ̀kadà rẹ̀ àtijọ́, níbi tí bíréèkì ẹsẹ̀ ti ń di táyà ẹ̀yìn nìkan mú. Ti tuntun yìí, bíréèkì rẹ̀ so pọ̀: bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, àtẹ̀yìn àtiwájú ló ń dì mú. Ó dára lórí ọ̀dà. Lórí yanrìn, pẹ̀lú ọwọ́ kan, tí táyà iwájú sì ti yà sápá kan, ńṣe ló yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ní àwọn ti rí ìdọ̀bálẹ̀ láyé àwọn, àmọ́ àwọn ò tíì rí ẹni tó mú máṣíìnì dọ̀bálẹ̀ rí. Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lórí fóònù, mo sì lọ sunkún ní ilé ìdáná. Orúnkún ló bó lọ́tẹ̀ yìí.

Mo sọ fún un pé kó di ọwọ́ méjèèjì mú, kó ti dín eré kù kó tó dé orí yanrìn, kó má kí ẹnikẹ́ni àfi tó bá ti dúró. Ó ní Mọ́mì, ẹ ti pẹ́ nílùú òyìnbó. Ó ní àgbà mélòó lòun fẹ́ dúró fún kí agogo ilé ìwé tó lù? Ó ní ọmọ Ìlobù tó bá kọjá lára àgbà Ìfọ́n láìkí wọn, lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó dìjà láàrin ìlú méjèèjì yìí, ṣé mi ò mọ̀ pé wọ́n á ní ìjà ló tún gbé dé ni? Ó ní ní Ìlobù pàápàá, màmá àgbà fúnra wọn, ìyẹn ẹ̀yin, máa ń sọ pé ọmọ tí kò bá kí èèyàn, ìyá rẹ̀ ni kò kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí òótọ́ ni.

Ẹ̀yin àgbà Ìfọ́n, ẹ̀yin àgbà Ìlobù, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá rí Dáre tó ń bọ̀, tó tẹjú mọ́ ọ̀nà, tí kò na ọwọ́, kì í ṣe ìjà, kì í ṣe ìgbéraga. Èmi ni mo ní kó má kí yín. Ẹ sọ pé n kò kọ́ ọmọ, mo gbà. Ẹ sọ ọ́ lọ́jà, ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tí wọ́n bú ìyá rẹ̀ ṣì lè délé jẹun alẹ́.

Màámi, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ọ̀nà ò ní bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé, kí ẹ sì fi òróró pa orúnkún Dáre.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀, ìyá Dáre.