Ohun Tó Fa Ogun Ọba, àti Èyí Tó Fẹ́ Wọ Ilé Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti wọlé ọkọ níbí, ní Dagenham nílùú òyìnbó. Báyọ̀ lorúkọ ẹ̀, ó ń wa lọ́rì ní Dagenham Dock, ọmọ dáadáa ni. Ká ní ẹ wà láyé ni, ẹ̀ bá ti fi ìbéèrè da òógùn bò ó.

Mo sì ti padà síléèwé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kíláàsì àwọn àgbà ni, ní Barking, a ń kọ́ ìtàn ìlú yìí nítorí ìdánwò ìwé ìgbélùú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà béèrè ohun tó fa ogun láàárín ọba wọn kan láyé àtijọ́ àti ilé aṣòfin. Èmi tí ojú máa ń tì láti kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì, èmi ni mo nawọ́.

Mo ní ọba yẹn gbà pé Ọlọ́run ló fi òun jọba, torí náà kò sẹ́ni tó lè bi òun léèrè. Ó ti ilé aṣòfin pa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń gba owó orí láì bi wọ́n. Ó tún fi ìwé àdúrà tuntun ránṣẹ́ sáwọn ará Scotland, tí wọ́n ti ní bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà tiwọn. Ibẹ̀ niná ti ràn. Àwọn yẹn gbé ohun ìjà, owó ò sí lọ́wọ́ ọba láti fi jà, ló bá pe àwọn aṣòfin padà. Inú ti ń bí àwọn yẹn tipẹ́. Kàkà kó tù wọ́n lójú, ó kó sójà wọnú ilé aṣòfin láti mú mélòó kan nínú wọn, wọ́n sì ti sá lọ. Bí ogun ṣe dé nìyẹn. Wọ́n gé orí ọba nígbẹ̀yìn. Tíṣà pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bàbá, kì í ṣe pé orí mi pé jù. Irú ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ nílé wa ni. Báyọ̀ ti fi orúkọ mi sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀, kò bi mí. Ó tiẹ̀ ti gba yunifọ́ọ̀mù wá, èmi méjì ló lè gbà. Ó ní kí n fi ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tiwa sílẹ̀. Mo ní “ẹ ṣé”, mo wọ yàrá lọ. Sùtánà mi wà nísàlẹ̀ àpótí, èyí tí ẹ fi búlúù fọ kí n tó wọ bàálù. Ẹ kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá yín fọ sùtánà.

Ẹ̀yin náà, Bàbá, ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ mú mi kúrò níléèwé ní ìwé mẹ́fà kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ẹ ò bi mí. “Ẹ ṣé” náà ni mo sọ. Ká ní mo sọ̀rọ̀, ṣé ẹ máa gbọ́? Ọkàn mi ń sọ pé ẹ máa gbọ́.

Nígbà tí mo ti kíláàsì dé, mo gbé oúnjẹ fún Báyọ̀, mo sọ ìtàn ọba náà fún un. Bí mo ṣe dé ibi ìwé àdúrà, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Ìyàwó mi, ṣé èmi lọba yẹn?”

“Rárá o, Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀. Orí tiyín ṣì wà lọ́rùn.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fẹ́rẹ̀ẹ́ pá a lórí. Mo wá sọ ọ́: mi ò fẹ́ kọrin, mo sì fẹ́ máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì mi. Mo sọ ọ́ tán.

“Kí wá ni ká ṣe?”

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bi mí nìyẹn, Bàbá. A jọ pinnu pé ọ̀sẹ̀ kan ní tèmi, ọ̀sẹ̀ kan ní tiẹ̀. Ó ti dá yunifọ́ọ̀mù padà.

Lánàá mo rí búlúù rà, mo fọ sùtánà mi. Láàárọ̀ yìí Báyọ̀ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ kan yọjú nínú ìbọ̀sẹ̀. Ó bọ́ ìyẹn náà. Ká ní ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀ bá bi í bóyá ilẹ̀ tutù fún un. Mo bá yín bi í. Ó ní ó tutù gan-an, àmọ́ òun ò lọ.

Ọmọ yín tó ti ń nawọ́ sókè, tó sì ń fi gbogbo ọkàn fẹ́ràn yín.