Ẹni Tó Jókòó Lẹ́nu Géètì Pupa

Ọmọ mi àgbà,

Mo kí ọ tayọ̀tayọ̀. Ara mi le. Orúnkún ló ń bá mi jà, èmi náà sì ń bá a jà. Mo lérò pé àlàáfíà ni o wà, pé iná tí o fi ń jó irin kò ṣe ojú rẹ ní nǹkan. Àbúrò rẹ aránṣọ ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má rán tirẹ̀ mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó rẹ ni o ti ń bẹ̀ mí pé kí n kó wá bá ọ. Èmi náà sì ń dá ọ lóhùn pé ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mi ò ní fi oko bàbá mi sílẹ̀. Ẹni tó ti dàgbà tó mi, ẹja gbígbẹ ni, kò ṣeé ká mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò rẹ mú ohun ìṣeré kan wá lórí fóònù rẹ̀. Èèyàn á da ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, á sì fi wọ́n ṣe àwòrán aláràbarà. Èyí tí èèyàn bá sọ jù ni yóò tóbi jù. Ó da gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tí o ti fi ránṣẹ́ sí mi sínú rẹ̀. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀kan tó dúró láàárín wọn bí àgbébọ̀ láàárín òròmọdìyẹ. Mo ní, “Kí ni ọ̀gá wọn yìí?” Ó ní, “Nìkan ni, Bàbá.” Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ yìí! Bàbá ń dá nìkan gbé, Bàbá ń dá nìkan jẹun. Ta ló rán an níṣẹ́?”

Ó tún ṣí òmíràn, èyí tó ń fi àdúgbò hàn. Ó ní ọkọ̀ kan tó gbé kámẹ́rà sórí ló ń yí ìgboro ká, tó ń ya ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. A wá oko wa títí, a ò rí i. Mo ní ẹrẹ̀ ọ̀nà wa ló gbọ́n ju ọkọ̀ wọn lọ. Ó wá ní kí á lọ wo àdúgbò tìrẹ, bóyá ọkàn mi á fà sí i. Mo ní ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. A fi ìka rìn ín láti ìdí ọ̀pá iná títí dé ẹnu géètì pupa tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe.

Ẹnì kan jókòó lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀. Àwọn tó ya àwòrán náà ti ṣe ojú rẹ̀ bàìbàì, bí ìgbà tí èèyàn mí sí dígí. Àbúrò rẹ ní, “Bàbá, ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́ o.” Mo ní, “Ìwọ dákẹ́. Ta ló ń wo ojú?” Ẹsẹ̀ òsì wà lábẹ́ ọ̀tún, ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá mi jókòó sétí oko lọ́dún tí ọ̀dá pa ọkà, tí kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Ìwọ ni. Abọ́ oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, o ò tíì ṣí i. Géètì ṣí gbayawu lẹ́yìn rẹ, kò sì sẹ́nì kan nínú ọgbà.

Mo ní kó dá àwòrán ọ̀rọ̀ ńlá yẹn padà wá. Mo wò ó títí, ẹ̀rín ò wá mọ́. Orúkọ mi ni o ń pè, ọmọ mi. Ara tìrẹ ló ń dùn ọ́.

Nítorí náà, mò ń bọ̀. Má jẹ́ kí inú rẹ dùn jù o, o ò borí mi! Kì í ṣe torí pé mo darúgbó. Bí a bá ti kórè tán, ọkọ àbúrò rẹ yóò máa mójú tó oko. Mo ti fi ààlà hàn án títí ó fi sú u. Màá mú ọkọ́ mi dání, torí mo rí ilẹ̀ tó wà lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì rẹ. Ta ní ń fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún koríko?

Kí ohun tó wúwo lọ́kàn rẹ fúyẹ́. Kí iná iṣẹ́ rẹ máa jó irin, kó má jó ọ. Kí ẹsẹ̀ mi bá ọ láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
ẹja gbígbẹ tó ká díẹ̀.

Mo tún rántí: má ra àga dè mí, mò ń gbé àpótí ìjókòó mi bọ̀. Bí ọkọ̀ ayàwòrán yẹn bá tún kọjá, kó bá èèyàn méjì lẹ́nu ọ̀nà.