Bébà Ìjọba Tí Mo Fi Gé Ọrùn Aṣọ

Àkọ́bí mi, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fi gbó,

Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá ọ? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ kékeré tí eyín ń yọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe mọ́ ọ ńkọ́? Mo ti gbàdúrà fún gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbàdúrà fún ọ̀gá rẹ náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò gùn. Bí o bá béèrè wa, ara wa le, òrùlé ẹ̀yìn kò jò mọ́, àbúrò rẹ obìnrin ti ń lo awò ojú, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ògiri ilé wa kò mọ́. A ti ro koríko ibojì bàbá rẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà o, fìdí lé àga kí o tó ka èyí tó kù. Owó orí ni. O mọ̀ pé bàbá rẹ ló máa ń lọ san owó orí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tó kú, mo rò pé ìjọba gbọ́, mo rò pé wọ́n ń bá wa kẹ́dùn ni wọn kò fi béèrè nǹkan kan. Èmi kò mọ̀ pé wọ́n ń béèrè. Àwọn àpòòwé kan máa ń wá lóòótọ́, orúkọ bàbá rẹ ló wà lára wọn, òyìnbó tí mi ò gbọ́ ni wọ́n kọ sínú wọn, bébà wọn sì le, ó funfun, ó ń dún pàpà lọ́wọ́. Mo ní ìjọba yìí mà láàánú o, wọ́n mọ̀ pé opó ni mí, wọ́n mọ̀ pé bébà tí à ń fi gé àwòṣe ọrùn aṣọ ti wọ́n. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo fi gé ọrùn. Èyí tí wọ́n fi ínkì pupa kọ ni mo fi gé ti ìyàwó tíṣà, ó sì bá a lára mu rẹ́gí.

Àfi ọjọ́ tí ọkùnrin méjì wá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ ṣí i kúrò kí n fi gé apá, ni àbúrò rẹ bá fi awò rẹ̀ kà á, ó ké. Ó ní láti ọdún tí bàbá yín ti kú ni owó orí ti ń jókòó lé ara wọn, èlé sì gun orí gbogbo wọn, bí oṣù yìí bá parí tí a kò yọjú, wọ́n á fi ágádágodo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ọmọ mi, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀, bí mo ta ẹ̀rọ, tí mo ta ibùsùn, tí mo ta ara mi lé e, kò lè pé. Ṣọ́ọ̀bù tí o ti kọ́ ìrìn lábẹ́ tábìlì, tí o ti ń gbé bọ́tìnnì mì!

Bíríkìlà ìtòsí wa, èyí tí a ń pè ní Kò-sí-wàhálà, wá gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní kí n ti iwájú pa, kí n máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, pé ohun tí òun náà ń ṣe nìyẹn. Mo ní ìwọ tí o ń fo ọgbà ara rẹ bí olè, tí ajá rẹ gan-an ń gbó ọ, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n? Ó ní ajá náà ni kò lójú.

Mo wá pe nọ́ńbà tó wà lára ìwé náà. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, ó kí mi káàbọ̀. Mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ọwọ́ gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ àwọn ló dí, kí n ní sùúrù. Mo ní mo ti ní in. Ó fi orin sí i fún mi, mo dúpẹ́. Ó tún ní ọwọ́ wọn dí. Nígbà tó yá ni mo rí i pé wàhálà ti pọ̀ jù lórí ọmọbìnrin náà, kò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Mo gbàdúrà fún un, ibẹ̀ ni káàdì mi tán sí.

Mo wá jókòó, mo ro ó. Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, oríṣi oníbàárà méjì ló ń jẹ mí lówó. Ọ̀kan á rí mi lókèèrè, á yà sí ọ̀nà mìíràn. Ìkejì á wá, á ní ẹ jọ̀ọ́ ìyá, owó kò tíì pé, ẹ gba èyí ná, kí aṣọ ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Ta ni mo máa ń ṣàánú nínú wọn? Wọ́n ní ẹni tó yá ẹgbàá tí kò san, ó ti bẹ́gi dínà ẹgbàá mìíràn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi rù, ó di ọ́fíìsì owó orí, kí n lọ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn bí àwọn oníbàárà ṣe ń fi aṣọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo kó gbogbo àwòṣe ọrùn dání. Aṣọ́nà rí irin lórí mi, ó ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀ kí n jìnnà sí i, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ jìnnà.

Akọ̀wé tí mo bá nínú ilé kò ju ẹgbẹ́ àbúrò rẹ lọ. Ó béèrè ìwé tí wọ́n ti ń kọ sí wa, mo tò ó síwájú rẹ̀. Ó gbé ọrùn róbótó kan sókè, ó ń wò mí láti inú ihò rẹ̀. Ó ní, ìyá, nọ́ńbà owó orí yín dà? Mo ní bóyá ara ibi tí mo gé dànù ló wà. Ó dorí kodò sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ó ń sunkún nítorí mi, ni èmi náà bá bú sẹ́kún. Àṣé ẹ̀rín ni.

Mo gbé ẹ̀rọ ka iwájú rẹ̀, mo ní kí ó mú un dání títí owó á fi pé. Ó ní bí a bá gba ẹ̀rọ, ìyá, kí lẹ ó fi ṣiṣẹ́ tí ẹ ó fi san wá? Ó wá là á yé mi. Ó ní ẹni tí kò rówó san kì í ṣe ọ̀daràn, ẹni tó bá sá ni àwọn ń lé. Ó ní a lè gé owó náà sí wẹ́wẹ́ kí n máa san án lóṣooṣù. Mo ní ìyẹn yé mi, bí à ti ń ránṣọ náà nìyẹn, ojú rírán kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ní mo tún lè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ èlé kúrò nítorí ikú tó wọlé wa. Mo ní bí ẹni tú ojú rírán aṣọ tó fún jù. Ó ní bí kò bá sì sí rárá, wọ́n lè gbé e kọ́ ná títí ọwọ́ mi á fi tẹ nǹkan, àmọ́ èlé kò ní dúró. Mo ní kí wọ́n má gbé tèmi kọ́ o, aṣọ tó bá pẹ́ lára ìṣó, eku ní í wọ̀ ọ́.

Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ ohun ìní mi. Mo kọ ẹ̀rọ, mo kọ àlùmọ́gàjí, mo kọ ibùsùn, mo wá kọ ìwọ àti àbúrò rẹ. Akọ̀wé ní, ìyá, ìjọba kì í gba ọmọ. Mo ní wọn kò béèrè ohun tí wọ́n lè gbà, ohun tí mo ní ni wọ́n béèrè. Kò pa á rẹ́.

Wọ́n ti ṣí ìwé kúrò lára ilẹ̀kùn wa. Ìdáhùn lórí èlé kò tíì dé, ṣùgbọ́n mo ti san ti oṣù àkọ́kọ́, ara rẹ̀ ni owó ìránṣọ tí aṣọ́nà fún mi, nítorí ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ya nígbà tó ń sá fún ẹ̀rọ mi. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kò-sí-wàhálà náà ti ń béèrè ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn, ó ní kì í ṣe torí owó orí, ajá ló sú òun.

Jọ̀ọ́, bá mi fi owó díẹ̀ kún ti oṣù tó ń bọ̀, má sì yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fi káàdì fóònù sí i, kí n lè béèrè àlàáfíà ọmọbìnrin tó ń kọrin yẹn. Wá bébà líle ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú, torí àbúrò rẹ ti ń ka ti ìjọba fún mi báyìí, mi ò gé e mọ́. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ láti ọ́fíìsì owó orí, tí wọ́n bi ọ́ pé èló lo tó, má pe ara rẹ ní kékeré o.

Òwú rẹ kò ní já láàárín iṣẹ́. Ohun tí o bá gé yóò bá ọ mu. Ilẹ̀kùn tí o bá fọwọ́ ara rẹ ṣí, ẹnikẹ́ni kò ní tì í mọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ. Bí wọ́n bá fún ìwọ náà ní fọ́ọ̀mù lọ́hùn-ún, má gbàgbé láti kọ mí sí i.